Kí O Tó De Aṣọ Dúdú Mọ́ Apá Nílẹ̀ Onílẹ̀

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí mo ń kọ́ ní eré sísá níbí ní Iléṣà. Igba mítà ni tirẹ̀. Wọ́n mú un fún ìdíje kan nílẹ̀ Lárúbáwá, ló bá wá bá mi lórí pápá ní ìdájí ọjọ́ kan tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ ń rí níbi tí mò ń lọ yìí, ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n kàn sá eré mi kí n máa bọ̀ nílé?"

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó lọ sá ìpele mẹ́fà, kó jẹ́ kí n rò ó. Ohun tí mo wá sọ fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú.

Ó yẹ kí eléré ìdárayá sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá ká a lára. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Àwọn kan á ní kó sáré tirẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ìlú oní-ìlú sílẹ̀. Ṣé ìjọba tó gbàlejò náà ni eré nìkan ń jẹ lógún ni? Owó ńlá tí wọ́n ń ná sórí pápá àti iná àti orin, kí ayé lè máa yìn wọ́n ni. Ní Mexico, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 1968, àwọn sójà yìnbọn lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn ní gbàgede Tlatelolco. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣí Òlíḿpíìkì ní ìlú kan náà. Àwa tí a wà nítòsí Ifẹ̀ ní oṣù keje 1999, tí ilẹ̀ mọ́ tí a gbọ́ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ti pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ wò ó ná ká ní wọ́n pè wá wá sáré níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí gbogbo wa máa rẹ́rìn-ín síra wa. Èmi ò lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ náà, bí eré ṣe jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n ń kọ́ ọ ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí o rí i dájú pé ìwọ fúnra rẹ lo pinnu. Ní 1986, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo wà lára àwọn tó ń múra Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Edinburgh. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, Nàìjíríà kéde pé òun ò lọ mọ́, nítorí Margaret Thatcher kọ̀ láti fòfin dí ọrọ̀ ajé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Orílẹ̀-èdè 32 nínú 59 ni kò lọ. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbà nígbà náà pé ohun tó tọ́ ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kó bàtà spáìkì mi sínú báàgì, mo wọ mọ́tò Iléṣà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Abacha ò jẹ́ kí Super Eagles lọ sí South Africa lọ gbèjà ife Áfíríkà tí wọ́n gbà ní 1994, nítorí Mandela bínú sí bí wọ́n ṣe pa Ken Saro-Wiwa ní oṣù kọkànlá 1995. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, fi ìyẹn yọ wá kúrò nínú ìdíje 1998. Ní ti 1986, òtítọ́ ni wọ́n fi wá gbèjà. Ní ti 1996, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi àwọn ọmọ náà bò mọ́lẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹlòmíràn ló pinnu. Nítorí náà, bí kóòṣì tàbí ará Facebook bá ń tì ọ́ pé kí o ṣe nǹkan, dúró ná. Bí òṣìṣẹ́ ìdíje kan bá sì gbé máíìkì fún ọ pé kí o yin ìjọba ibẹ̀, o lè sọ pé orí eré rẹ nìkan ni wàá sọ̀rọ̀ lé. Kò sí ẹni tó lè fi tipátipá mú ọ purọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ máa ń kùnà. Wọ́n á ka ìròyìn méjì lórí fóònù, wọ́n á sì fẹ́ gbẹnu sọ fún ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ rí. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń din àkàrà nírọ̀lẹ́. Ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọdún méjì nílẹ̀ Lárúbáwá. Èmi àti ọmọ mi yìí gbé bẹ́ǹṣì lọ síwájú agbada rẹ̀, a ṣàlàyé ara wa. Kò wojú wa. Àkàrà ló ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun dé gan-an ni ọ̀gá òun gba pásípọ́ọ̀tù òun tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Owó oṣù mẹ́ta ni òun ò rí gbà. Ó ní ìyá arúgbó kan lójúlé kejì, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ló tẹ ẹni tó wá mú òun jáde láago. Ó wá fi ṣíbí náà sílẹ̀.

"Má bú wọn o, àbúrò mi. Pásípọ́ọ̀tù ni kí o sọ. Tó bá wà lọ́wọ́ mi ni, oṣù kìn-ín-ní ni mi ò bá ti máa bọ̀."

A ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Alákàrà yẹn mọ ohun tó ń sọ. Kafala ni wọ́n ń pe ètò tó so òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá tó mú un wọ̀lú, débi pé kò lè yí iṣẹ́ padà láìjẹ́ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún Qatar ní 2010 láti gbàlejò ife àgbáyé bọ́ọ̀lù ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ti ń pariwo lórí òfin yìí gan-an. Ní 2020, Qatar mú ìfọwọ́sí ọ̀gá yẹn kúrò nínú òfin. Ní 2021, wọ́n fi owó oṣù tó kéré jù sí ríyàl 1,000. Ìyà ò tán, àmọ́ ẹ rí i pé ohun pàtó ni wọ́n béèrè.

Bí o bá ti gbọ́ tẹnu ẹni tó jìyà, kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Ẹyọ kan. Lédè Yorùbá ni kí o kọ́kọ́ kọ ọ́, kí o tó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi kọ ojú ewé kan àtààbọ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀: owó oṣù, ooru, ilé gbígbé, ọba ibẹ̀, FIFA, gbogbo rẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú bírò pupa, à ń gé e. Ó sunkún díẹ̀ nígbà tí mo gé ọ̀rọ̀ ọba kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù ni: "Kí olúkúlùkù tó ń ṣiṣẹ́ níbí máa tọ́jú pásípọ́ọ̀tù ara rẹ̀." Mo ní kó lọ kà á fún alákàrà. Ìyẹn mi orí, ó bù àkàrà mẹ́rin fún un.

Òfin ló kàn. Béèrè ìwé tí o máa tọwọ́ bọ̀, kà á kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Òlíḿpíìkì ní Òfin 50, tí kò fàyè gba ìfẹ̀hónúhàn níbi ìdíje. Ní 2021 wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: o lè sọ èrò rẹ fún oníròyìn, o lè kọ ọ́ sórí ojú ìwé tìrẹ, o sì lè ṣe àmì kan lórí pápá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Orí pèpéle tí wọ́n ti ń gba mẹ́dàlì kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni inú ìdíje gan-an àti abúlé àwọn eléré. Àmì ti orí pápá kò sì gbọ́dọ̀ dojú kọ orílẹ̀-èdè kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún un pé ọ̀dọ̀ oníròyìn ni kó ti sọ tirẹ̀. Ìdíje míì ní òfin tirẹ̀, má fi ti Òlíḿpíìkì wọ̀n ọ́n. Ìlú náà sì ní òfin tirẹ̀ lẹ́yìn pápá. Ní ibòmíràn, ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tó bá bú olórí ìlú.

Kí o sì ti pinnu ṣáájú ohun tí o máa san. Ní Qatar 2022, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méje láti Yúróòpù ti ní balógun àwọn á de báǹdì OneLove, tó ń tako ìyàsọ́tọ̀, mọ́ apá. FIFA ní yẹ́lò káàdì ni ẹni tó bá dè é máa gbà, gbogbo wọn bọ́ ọ sílẹ̀. Ó dùn mí, torí ó hàn pé wọn ò tíì bi ara wọn léèrè bóyá wọ́n á san án. Fi wọ́n wé Henry Olonga àti Andy Flower. Ní oṣù kejì 2003, ìlú wọn gan-an, Zimbabwe, wà lára àwọn tó gbàlejò ife àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì, dúdú kan, funfun kan, kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ fún oníròyìn, wọ́n sì de báǹdì dúdú mọ́ apá ní Harare, pé àwọn ń ṣọ̀fọ̀ ikú ìjọba tiwantiwa. Wọn ò gbá a fún Zimbabwe mọ́ lẹ́yìn ìdíje yẹn. Olonga sá lọ sí Ìlú Ọba. Feyisa Lilesa ti Ethiopia, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn lágbèélébùú ní ìparí eré Máráthọ̀n ní Rio 2016 nítorí ìyà tí ìjọba fi ń jẹ àwọn ẹ̀yà Oromo tirẹ̀, kò padà sílé títí di 2018.

Nítorí náà, jókòó ti ìyá rẹ àti bàbá rẹ kí o tó lọ. Sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe é, gbọ́ ìdí wọn dáadáa. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni tó dákẹ́ nítorí ẹbí rẹ̀ ní ojo láé, kí ìwọ náà má ṣe pe ẹlẹgbẹ́ rẹ bẹ́ẹ̀.

Sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá pẹ̀lú. Peter Norman, òyìnbó Australia tó gba fàdákà igba mítà ní Òlíḿpíìkì Mexico 1968, gbà láti lẹ báájì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́ àyà nígbà tí Tommie Smith àti John Carlos, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ gba mẹ́dàlì, sọ fún un pé àwọn fẹ́ na ìkúùkù tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú sókè lórí pèpéle. Nígbà tó kú ní 2006, àwọn méjèèjì ló gbé pósí rẹ̀.

Carlos gbàgbé ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba mẹ́dàlì náà. Ohun tó fà á nìyẹn tí Smith fi wọ ti ọwọ́ ọ̀tún, tí Carlos wọ ti òsì. Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi, mo sì ní kó jẹ́ ká dán tirẹ̀ wò. Télọ̀ kan lọ́jà Atákúmọ́sà ló rán báǹdì náà, aṣọ dúdú tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, tó ní okùn méjì. Ẹ̀yìn eré ló fẹ́ dè é, bó bá ń lọ bá oníròyìn. Ó sá igba mítà, ó dúró, ó gbé e jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń ṣàn, kò lè ta okùn náà ní kókó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jábọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn náà sì há sí i lọ́fun, torí èémí ò tíì balẹ̀.

A dá a padà fún télọ̀, ó yọ okùn, ó fi rọ́bà sí i. A sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka mí mẹ́wàá kó tó lanu. Lánàá, lẹ́yìn igba mítà kẹta, ó fi ọwọ́ kan fà á gòkè dé apá, ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán láìkọsẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ. Báǹdì náà wà nínú àpò spáìkì rẹ̀, a sì rán èkejì sí ìsàlẹ̀ báàgì.