Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tàìpù ìwé Yorùbá, ẹ yé fowó ra wàhálà

Ó ti sú mi o. Ẹni tó bá gbé fláàṣì wá bá mi ní Sábó n'Íkòròdú níbí pé kí n bá òun tẹ ìwé jáde, owó tó ti fi ṣòfò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi máa ń dùn mí ju òun gan-an lọ.

1. Ẹ má ra Word ayédèrú tí wọ́n ń kó kiri, fáírọ́ọ̀sì ló máa bá a wọlé. LibreOffice Writer ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan, Google Docs náà sì wà ńbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ní dátà.

2. Fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) ológe inú ìwé ìpè ìgbéyàwó, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

3. Ẹ má fi spacebar ti àkọlé lọ sáàrin!

4. Ẹ pa autocorrect, èyí tó máa ń dá ọ̀rọ̀ yín tún ṣe fúnra ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀, ẹ kọ "rí i" ó sọ ọ́ di "rí I", ẹ ò sì ní rí i títí ìwé á fi jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àmì. Bàbá kan gbé oríkì ìdílé wọn wá láti Ìgbógbó, wọ́n sanwó fún ẹni tó tàìpù ẹ̀, ó mọ́lẹ̀ rekete lórí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún, mo ṣí i lórí tèmi, gbogbo "ọmọ" ti di "×m×". Fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n àrékérekè ṣe ni, ó lọ jókòó sórí àga lẹ́tà ẹlòmíì, tí fọ́ǹtì yẹn ò bá ti sí nílé, onílé, ìyẹn ×, á padà sáyè ẹ̀. Àwọn mìíì tún wà tó jẹ́ wọ́n á kàn fa ìlà sábẹ́ o, wọ́n á ní ó ti di ọ, ẹ gbé e sórí WhatsApp kẹ́ ẹ wò ó, ìlà á pòórá, ọkọ á di oko. Unicode ni kẹ́ ẹ lò, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀: lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tiẹ̀, 1EB9, "ọ" jẹ́ 1ECD, "ṣ" jẹ́ 1E63. Ṣùgbọ́n ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àmì òkè yẹn dá wà ni, fọ́ǹtì ló máa gbé e lé e lórí, fọ́ǹtì tí ò bá mọṣẹ́ á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ọ̀mùtí. Torí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ "ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀jẹ̀, Ọ̀ṣun", ẹ sọ ọ́ di bold, ẹ sọ ọ́ di italic, kẹ́ ẹ wojú ẹ̀ dáadáa. Fọ́ǹtì bíi Charis SIL, Gentium, Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì mọṣẹ́. (Ìyàwó mi ní mi ò lè kọjá lára pósítà òkú kí n má yẹ àmì ẹ̀ wò. Òótọ́ ni.)

Kíbọọ̀dù Yorùbá tẹ́ ẹ sanwó pé kí wọ́n bá yín fi sí i ńkọ́? Ó wà nínú Windows tẹ́lẹ̀, Gboard, kíbọọ̀dù Google, náà ní in lórí fóònù.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ sọ ọ́ di PDF, kẹ́ ẹ mú fáìlì tẹ́ ẹ tàìpù gan-an dání. Ẹni tó bá tún gbé ×m× wá, owó àtúntẹ̀ ni mo máa gbà, lójú-ewé lójú-ewé.