Bí a ṣe ń fi bírò mọ ikọ̀ tó ní ẹ̀mí ajagunmólú

Ní ilé ìworan bọ́ọ̀lù, gbólóhùn méjì péré ló sábà máa ń wà lẹ́nu àwa olólùfẹ́ ikọ̀ Nàìjíríà. Bí wọ́n bá borí, "ọkàn kìnnìún ni wọ́n fi gbá a." Bí wọ́n bá pàdánù, "àwọn ọmọ yìí ò lọ́kàn rárá." Àwọn ọmọ kan náà ni o, kóòṣì kan náà, ọjọ́ mẹ́ta sì lè má tíì pé láàárín ìdájọ́ méjèèjì. Iye ayò ló ń bá wa sọ̀rọ̀, ohun tí ojú rí kọ́.

Ẹ̀mí ajagunmólú ṣeé fojú rí, ó sì ṣeé kọ sílẹ̀. Ibi mẹ́ta ló ti máa ń hàn: ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí aburú bá ṣẹlẹ̀, ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn nígbà tí ikọ̀ bá ń léwájú, àti ìgbà tí wọ́n bá ń tò fún pẹnáritì. Ìwé onílà kan àti bírò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ ti tó iṣẹ́ yìí. Aago tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n náà ti tó.

Kí wọ́n tó fọn fèrè

Ẹ pín ojú ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ìkẹta àti ìkẹfà fún ìṣẹ́jú tí rẹfirí bá fi kún un. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń bàjẹ́ níbẹ̀. Bírò aláwọ̀ búlúù fún tiwa, pupa fún ti alátakò.

Lókè ìwé náà, ẹ kọ ohun tí ikọ̀ nílò lọ́jọ́ náà. Ṣé ọ̀mì tó, àbí dandan ni kí wọ́n borí? Nígbà tí Nàìjíríà kojú Ajẹntínà ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018, ọ̀mì ì bá gbé wa kọjá. Moses ti fi pẹnáritì dá ayò Messi padà, ó wá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àádọ́rùn-ún pé nígbà tí Rojo gbá tiẹ̀ wọlé. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọ̀mì tó lọ́jọ́ yẹn kò lè sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣọ́lé tàbí kí wọ́n máa kọlu.

Tó bá jẹ́ ìdíje onípóìǹtì ni, ẹ ṣírò tábìlì pẹ̀lú. Nínú ìdíje àtikópa nínú Ife Àgbáyé 2026, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ni Super Eagles gbá ní ìsọ̀rí wọn: wọ́n borí ní 4, wọ́n gbá ọ̀mì 5, wọ́n pàdánù 1. Póìǹtì 17 nìyẹn. Gúúsù Áfíríkà ní 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé FIFA yọ póìǹtì 3 kúrò lára tiwọn. Ìyà tí ikọ̀ Benin fi jẹ wá ní Abidjan ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Àmọ́ ẹ wo oṣù Kẹta 2025 ní Uyo. Osimhen gbá ayò wọlé Zimbabwe ní ìṣẹ́jú 74, Zimbabwe, tó padà ṣe ìgbẹ̀yìn ní ìsọ̀rí náà, sì dá a padà ní ìṣẹ́jú 90. Póìǹtì 2 tó bọ́ sọnù níbẹ̀ ì bá sọ 17 di 19.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn aburú

Aburú nibí ni ayò tí wọ́n gbá sínú àwọ̀n wa, pẹnáritì tiwa tó ṣòfò, tàbí káàdì pupa. Gbàrà tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú kúrò lára ẹni tó gbá a wọlé. Àwọn tiwa ni kí ẹ máa wò. Tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé àtúnwò jáde nígbà yẹn, ó sì máa ń dí wa lójú. Ẹni tó wà ní pápá ló jàǹfààní jù.

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹni tó lọ mú bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Ṣé ó sáré gbé e lọ sí àárín pápá, àbí bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀ títí alátakò fi ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ tán? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tó ṣàṣìṣe. Bí balógun ikọ̀ bá lọ bá a, tó fọwọ́ kàn án léjìká, ẹ fi búlúù sàmì. Bí wọ́n bá ń nàka sí ara wọn, pupa ni.

Ẹ wá ka bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà mélòó ni wọ́n gbá a fún ara wọn kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn? Bí ó bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọkàn wọn ti rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ́lé ń gbá a gba òkè lọ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìpayà ti wọlé. Ìpayà léwu torí pé bọ́ọ̀lù gígùn tètè ń padà wá: àwọn ẹ̀yìn kò tíì tò dáadáa, alátakò ti dé orí wọn. Ìdí nìyẹn tí ayò kejì fi ń tẹ̀lé àkọ́kọ́ kíákíá.

Ibi tí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń ṣì í jù ni pé a máa ń ka ìbínú sí ìgboyà. Ẹni tó lọ fi ẹsẹ̀ kọ́ alátakò ní ìṣẹ́jú kejì lẹ́yìn ayò, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ fún, ó ti ba nǹkan jẹ́. Káàdì èyíkéyìí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, pupa ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni Super Falcons ní Rabat, 26 oṣù Keje 2025, àṣekágbá Ife Áfíríkà ti àwọn obìnrin. Mòrókò ló gbàlejò, ilé wọn ni, ariwo wọn ni. Chebbak gbá ti àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú 12, Mssoudy fi ìkejì kún un ní 24. Ẹni tó bá ṣe ọ̀lẹ á kàn kọ 64, 71 àti 88 sílẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú tí ayò tiwa wọlé. Ogójì ìṣẹ́jú tó wà láàárín 24 àti 64 ni ẹ̀kọ́ wà, nígbà tí ayò kankan kò tíì wọlé tí ìkẹta kò sì gba ọ̀dọ̀ Mòrókò wá. Ẹ tún eré náà wò, kí ẹ dojú kọ abala yẹn nìkan. Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, ó gbé bọ́ọ̀lù fún Ijamilusi, ó tún gbá fíríkíkì tí Echegini fi parí rẹ̀. Ayò 3 sí 2, ife kẹwàá.

Àwọn ọkùnrin náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní ìdíje Òlímpíìkì 1996. Brazil ti gbá 3 sí 1 kí wọ́n tó lọ sinmi. Nínú abala kejì, Okocha tún pàdánù pẹnáritì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti ń ju ìbọn sílẹ̀ nìyẹn. Ikpeba dín in kù ní ìṣẹ́jú 78, Kanu dá a padà ní 90, ó sì fi ayò wúrà parí ọ̀rọ̀ ní 94, nítorí òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé nínú àfikún àkókò ló borí.

Tí wọ́n bá ń léwájú

Níbí ni Super Eagles ti máa ń já wa kulẹ̀, ká má tan ara wa. Lọ́dún 1994, ní Amẹ́ríkà, Amuneke ti gbá ayò wọlé Ítálì láti ìṣẹ́jú 25. Wọ́n tún lé Zola jáde, Ítálì ku mẹ́wàá. Roberto Baggio dá a padà ní ìṣẹ́jú 88, ó sì fi pẹnáritì parí rẹ̀ nínú àfikún àkókò.

Láti ìṣẹ́jú 70, ẹ ya àwòrán pápá kékeré kan. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ fa ìlà sí ibi tí àwọn ẹ̀yìn tiwa dúró sí. Bí ìlà náà bá ń sún mọ́ agbègbè 18 tiwa díẹ̀díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn, wọ́n ti ń dúró de fèrè. Ẹ tún ka iye ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù dànù tó sì padà wá kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀wá. Mẹ́ta léraléra ti pọ̀.

Ẹ má tètè pe èyí ní àìlọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé kóòṣì ti mú ẹni iwájú jáde, ó fi ẹ̀yìn rọ́pò rẹ̀, kò wá sí ẹni tó lè di bọ́ọ̀lù mú lókè. Ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn ti àárín ti wúwo. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù àti ipò ẹni tó wọlé, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àṣekágbá Ife Áfíríkà tó wáyé ní Abidjan lọ́dún 2024 dára fún ìdánwò yìí. Troost-Ekong fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú 38, Kessié dá a padà ní 62, Haller parí rẹ̀ ní 81. Ẹ sì rántí irú ẹni tó borí wa: Ivory Coast yìí la ti nà ní 1 sí 0 nínú ìsọ̀rí, Equatorial Guinea fi 4 sí 0 bá wọn wí, wọ́n lé kóòṣì wọn lọ láàárín ìdíje, Emerse Faé gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ku mẹ́wàá lójú Mali, síbẹ̀ wọ́n dá ayò padà ní ìṣẹ́jú 90, wọ́n sì borí nígbà tí àfikún àkókò ti fẹ́ tán.

Pẹnáritì

Ohun díẹ̀ ni kí ẹ kọ: ẹni tó gbá a, bí ó ṣe tò, àti bí ó ṣe pẹ́ tó láti ìgbà tí rẹfirí fọn fèrè títí tí ẹsẹ̀ fi kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá kánjú lọ gbá a lẹ́ẹ̀kan náà ń wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìnira ni. Ẹ wo ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a kojú DR Congo ní Rabat nínú ìdíje àtikópa nínú Ife Àgbáyé, oṣù Kọkànlá 2025, ó kù díẹ̀ kí àfikún àkókò parí ni wọ́n mú aṣọ́lé wọn jáde, tí Fayulu wọlé nítorí pẹnáritì nìkan. Wọ́n fi 4 sí 3 borí. Ó jọ pé wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Ìbànújẹ́ àṣekágbá Ife Áfíríkà ọdún 2000 ní Surulere kò sí nínú èyí. Pẹnáritì Ikpeba lọ́wọ́ Cameroon kan irin òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó jọ pé ó ti ré ìlà kọjá, rẹfirí ní kò wọlé. Ojú ìwé mìíràn ni kí ẹ kọ irú ìyẹn sí.

Ẹ̀yìn ìwé

Ẹ̀yìn ìwé ni ti ohun tí kì í ṣe ẹ̀mí: ìpalára, ìrìn àjò, owó. Osimhen kò padà wọlé fún abala kejì lọ́jọ́ DR Congo yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti kọ̀ láti ṣe ìgbáradì nítorí owó ajẹmọ́nú tí wọn ò san, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi 4 sí 1 na Gabon lẹ́yìn àfikún àkókò. Nítorí náà, ẹ kó ojú ìwé márùn-ún ó kéré tán jọ kí ẹ tó sọ pé ikọ̀ kan lọ́kàn tàbí kò lọ́kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé yìí fún D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, yóò yí ìlà padà. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń gbá, nítorí náà ọ̀nà mẹ́jọ ni kí ẹ pín in sí, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dípò ayò kan ṣoṣo, póìǹtì tí alátakò kó jọ léraléra láìsí èsì tiwa ni aburú níbẹ̀. Bí ó bá ti di 6, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí ẹ sì kọ iye tó ti dé nígbà tí kóòṣì bá pè fún ìsinmi ráńpẹ́.