Bẹ́ẹ ṣe máa lo nápí aláṣọ fún ọmọ tuntun, tẹ́ẹ sì máa fọ̀ ọ́ tí kò fi ní máa rùn

Àwọn tó máa ń sọ pé nápí aláṣọ ti le jù, ẹ bi wọ́n dáadáa, ẹ máa rí i pé wíwọ̀ ọ́ fọ́mọ kọ́ ló lé wọn sá, fífọ̀ ọ́ ni. Mo mọ ìyá ọlọ́mọ kan tó kó gbogbo nápí tó rà dànù kí oṣù méjì tó pé, ó ní ó ń rùn, ó ní ó ń bó ọmọ òun nídìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sóhun tó ṣe nápí yẹn, ọṣẹ ló kún inú ẹ̀. Torí náà màá yára sọ ti wíwọ̀, ká lè ráyè jókòó ti fífọ̀.

Ọmọ tuntun lè lo nápí 10 sí 12 lójúmọ́ kan, torí bó ṣe ń mu ló ń tọ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì méjì, ẹ ní 24 nílẹ̀, àmọ́ 30 ló máa fọkàn yín balẹ̀ torí ọjọ́ míì wà tí oòrùn ò ní yọ. Páńtì rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ lé e lórí kí omi má bàa jò, 5 tàbí 6 ti tó, torí ìyẹn, tí ìgbẹ́ ò bá ti kàn án, ẹ kàn máa nù ún ni, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún wọ̀ ọ́ fún un.

Oríṣiríṣi nápí ló wà, èyí tó ní àpò tí wọ́n ń ki aṣọ bọ̀, èyí tí wọ́n ti rán pọ̀ mọ́ páńtì rọ́bà, èyí tó ní bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èmi o, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onígun mẹ́rin tẹ́ẹ máa ká fúnra yín ni mo fara mọ́. Kò wọ́n, tẹ́ẹ bá sì ti tú u ó ti di ìpele kan ṣoṣo, omi àti ọṣẹ ń kọjá nínú ẹ̀, ó sì ń yára gbẹ. Àwọn tó nípọn yẹn, ojú ẹ̀ máa gbẹ, inú ẹ̀ máa ṣì tutù, ibẹ̀ ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Tówó ò bá sí rárá, ẹ gé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òwú tó ti gbó, ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀, ó máa ń fa omi dáadáa torí ó ti jẹ omi lọ́pọ̀ ìgbà. Kó ṣáà jẹ́ òwú. Tówẹ̀lì microfibre tí wọ́n fi ń nu mọ́tò ń fa omi lóòótọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ kan ara ọmọ, ó máa fa omi ara ẹ̀ gbẹ ni, tẹ́ẹ bá máa lò ó, ẹ fi aṣọ òwú sáàárín òun àti ìdí ọmọ.

Ẹ má yọ nápí tuntun nínú ọ̀rá kẹ́ẹ wọ̀ ọ́ fọ́mọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òwú tuntun ní òróró tiẹ̀ lára, ìtọ̀ máa ń yọ̀ kọjá lórí ẹ̀ ni kò ní wọlé. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún kọ́mọ tó dé, ẹ sá a kó gbẹ láàárín.

Tó bá di wíwọ̀, ẹ ká a sí onígun mẹ́ta, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gbé ọmọ lé e, ẹ fa ti iwájú gba àárín ẹsẹ̀ wá sókè, ẹ mú ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé ẹ̀. Ọmọkùnrin, iwájú ni kẹ́ẹ jẹ́ kó nípọn sí, ọmọbìnrin, àárín. Tí ìwọ́ ò bá tíì já, ẹ ṣẹ́ iwájú nápí wálẹ̀ kó wà lábẹ́ ìdodo, kó má bò ó, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ẹ má fún un jù, ìka yín méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ẹ̀ níbi ìbàdí, ẹ má sì fipá na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ, bó ṣe máa ń ya ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ló dáa fún egungun ìbàdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ píìnì lẹ ń lò, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ wà láàárín aṣọ àti ara ọmọ nígbà tẹ́ẹ bá ń gún un, kó jẹ́ pé tó bá máa gún ẹnì kan, ẹ̀yin ni. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgbẹ́ ọmọ máa dúdú, á ki bí ọ̀dà, kì í bọ́ lára aṣọ bọ̀rọ̀, ẹ tẹ́ àkísà òwú kékeré sójú nápí nígbà yẹn, tó bá bà jẹ́ ẹ jù ú nù.

Ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ ní wákàtí méjì méjì sí mẹ́ta, tó bá sì ti yàgbẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni. Nípa ìpara, èyíkéyìí tó bá ní fasilíìnì tàbí zinc máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ni, lẹ́yìn ìyẹn nápí ò ní fa omi mọ́. Tẹ́ẹ bá gbọ́dọ̀ kun ún, àkísà kékeré yẹn náà ni kẹ́ẹ tẹ́ sójú ẹ̀.

Ó yá, fífọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ máa kó nápí ìdọ̀tí sí, ẹ má bu omi sínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ yín pé kẹ́ẹ rẹ ẹ́, àmọ́ nápí tó bá sùn nínú omi ìtọ̀ di ọjọ́ kejì, òórùn ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn, rọ́bà àwọn tó ní rọ́bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí jù níbẹ̀ tiẹ̀ ni pé ọmọ tó ti ń rákò tàbí tó ń tatẹ̀ẹ́ lè kó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi, kò sì dìgbà tí omi bá kún kó tó gbẹ̀mí ọmọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, kí ojú ẹ̀ ṣí díẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé, ó tán.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé, omi àkọ́kọ́. Wọ́n á rí ìgbẹ́ lára aṣọ, wọ́n á ní ìdọ̀tí ti pọ̀ jù, wọ́n á da omi gbígbóná lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Omi gbígbóná tó bá kọ́kọ́ kan ìgbẹ́ ọmọ máa sè é mọ́ aṣọ ni, àbààwọ́n yẹn ò ní lọ mọ́ bọ̀rọ̀. Omi tútù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Ẹ gbọn ìgbẹ́ sínú ṣáláńgá tàbí ilé ìyàgbẹ́, ẹ fi omi tútù ṣan èyí tó kù kúrò, kó tó wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì rárá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ àtijọ́ ni mo fi ń ṣe tèmi, mo yà á sọ́tọ̀ fún nápí nìkan, mi ò fi fọ nǹkan míì. Èyí tí ọmọ kàn tọ̀ sí náà, ẹ ṣan án lómi tútù lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ fọ̀, ẹ fún un, ẹ da omi yẹn nù. Tẹ́ẹ bá fo èyí, ọṣẹ tẹ́ẹ máa lò lẹ́yìn náà, inú ìtọ̀ lẹ ń pò ó sí.

Ìgbà yẹn ni omi gbígbóná tó wá kàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ gbé ooru omi ẹ̀ sí dígíríì 60 fún òwú, àmọ́ páńtì rọ́bà, 40 ti tó o. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń fọ̀, omi tí ọwọ́ yín bá lè gbà, ẹ gún un, ẹ fi ọwọ́ ha á, kì í ṣe kẹ́ẹ kàn máa rú u bí ẹni ń ro ògì. Ọṣẹ tí ò ní òórùn dídùn ni kẹ́ẹ lò. Ẹ má lò ó púpọ̀ jù, ẹ má sì ṣahun ẹ̀, torí tó bá kéré jù ìtọ̀ máa kù síbẹ̀. Ẹ má fi nǹkan ìmáṣọrọ̀ tó ń ta sánsán yẹn sí i láéláé, ọ̀rá ló ń fi sílẹ̀ lójú aṣọ. Bílíìṣì náà, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń jẹ aṣọ, tí òun àti ìtọ̀ bá sì pàdé, èéfín tó máa jáde lè dí yín lọ́fun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án. Ẹ tún ṣan án. Èyí ni gbogbo èèyàn ń sáré lé lórí torí ó ti rẹ̀ wọ́n, ohun tó sì ń bó ọmọ nídìí gan-an nìyẹn, torí ọṣẹ tó kù sínú aṣọ máa jí nígbà tí ìtọ̀ bá kàn án. Ẹ fún nápí kan sínú abọ́ funfun, ẹ wo omi tó bọ́ sílẹ̀. Tó bá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń yọ ìfófòó ọṣẹ, kò tíì mọ́. Tèmi kì í dín ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ sá a sí oòrùn, oòrùn fúnra ẹ̀ ń ṣí àbààwọ́n, pàápàá tí aṣọ bá ṣì tutù. Páńtì rọ́bà, abẹ́ òjìji ni. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ sá a síwájú fáànù, ẹ má ká a sínú àpótí tó bá ṣì tutù díẹ̀, ó máa bu.

Tí nápí tó ti gbẹ bá ń rùn bí ìtọ̀ ṣáá lẹ́yìn tẹ́ẹ fọ̀ ọ́, tàbí tó ń jò bẹ́ẹ̀ sì rèé kò tíì tutù délẹ̀, ẹ kán omi díẹ̀ lé e lójú. Tí omi yẹn bá dúró rọ́bọ́tọ́ lórí ẹ̀ tí ò wọlé, ọṣẹ tàbí ìpara ti dí i nìyẹn. Ẹ fi omi gbígbóná nìkan fọ̀ ọ́, láìsí ọṣẹ, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, títí omi ẹ̀ ò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Tí ìdí ọmọ bá ti pọ́n, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó wà láì wọ nápí díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí tó yọ ròrò, tàbí tí ara ẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.