Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ yé gbá a ní gbígbẹ

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Ọyẹ́ ti dé, eruku ti ń bò wá, ni mo ṣe ní kí n sọ èyí.

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà, bíi ti apá Ìsánlú ní Kogi, tàbí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀, eruku ilé rẹ̀ lè ní òjé nínú, ìyẹn irin olóró tí wọ́n ń pè ní “lead”. Àwọn ọmọ tó ń rákò ló ń jẹ ẹ́ jù, torí ọwọ́ wọn kì í kúrò lẹ́nu, ọpọlọ wọn ló sì ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ọmọ tó lé ní 400 ló kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé.

Tí ẹ bá fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ, ńṣe lẹ ń gbé eruku náà sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù nu ún, kí ẹ sì nu ojú fèrèsé náà. Bàbá tó ti ibi iṣẹ́ wúrà dé, kó bọ́ bàtà àti aṣọ síta kó tó gbé ọmọ. Ẹ má fọ aṣọ yẹn pọ̀ mọ́ tọmọ. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń sá èlùbọ́ sẹ́bàá títì, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ibòmíràn, torí eruku títì máa ń bà lé e.

Bí òjé bá wọ inú omi, síse é kì í mú un kúrò o. Tí ara bá ń fu yín sí ọmọ, ẹ bi dókítà nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún òjé.