Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Yín Di Àpà Nídìí Kọ́kítéèlì Ìgbà Ìrúwé

Kí òjò àkọ́rọ̀ ṣáà ti rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí mọ́ńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí páànù, ẹ ó rí àwọn géńdé tí yóò rántí pé ìgbà ìrúwé ti dé nílùú òyìnbó. Àwọn náà á fẹ́ po kọ́kítéèlì, ìyẹn ọtí àpòpọ̀, bíi Mojito, Tom Collins àti Mint Julep nílé. Kò burú. Ọtí pípò ni mo fi ń jẹun, mi ò lè ní kẹ́ ẹ má mu. Ìnákúnàá ni mi ò lè wò níran.

Èkínní, ríra ìgò ọtí mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Jíìnì kan àti rọ́ọ̀mù funfun kan tó yín. Jíìnì á ṣe Gimlet àti Tom Collins, rọ́ọ̀mù á ṣe Daiquiri àti Mojito. Ẹ fi ṣéékà olówó gọbọi náà, ife oníderí tí wọ́n fi ń mi ọtí pọ̀, sílẹ̀. Èmi tí mò ń pariwo yìí, ike oníderí tí ìyàwó mi fi ń kó ẹ̀gúsí sí ni mo fi ń po tèmi nílé. Ó ṣì ń wá a.

Èkejì, omi ọsàn inú ìgò. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀ lọ́jà Tákíè. Ẹ fún un nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an.

Ẹ̀kẹta, yìnyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Géńdé kan ládùúgbò Under G pè mí síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀. Owó rọ́ọ̀mù tó rà tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, ṣéékà rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo ní yìnyín ńkọ́? Ó fa píọ̀ wọ́tà dídì yọ lábẹ́ ẹja Títù. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, omi ti ń kán lára rẹ̀ tó-tó. Ó nà án mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó tún fi ọmọ odó bá a wí, ó rún wómúwómú. Ká tó mì í tán, omi ti bo ọtí mọ́lẹ̀, òórùn Títù ló sì ń jáde lẹ́nu Daiquiri. Ó bojú wò mí, ó ní bóyá rọ́ọ̀mù náà ni kò dáa. Rọ́ọ̀mù kẹ̀!

Yìnyín tó bá ti rún, kíá ló ń yọ́, ó sì máa ń fa òórùn ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ da omi tó mọ́ sínú abọ́ oníderí, kó dì mọ́jú nígbà tíná bá wà, ẹ gé e ńláńlá, ẹ kó o sí kúlà. Ẹ má sì ṣahun: yìnyín méjì péré á yọ́ tán kí ọtí tó tutù. Ẹ kó o kún ṣéékà, kẹ́ ẹ mì í fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Nínú àwọn tí mo dárúkọ, Mint Julep nìkan ni mo gbà kẹ́ ẹ rún yìnyín fún. Bourbon, ìyẹn wisikí alágbàdo ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń mu ún ní Kentucky lọ́hùn-ún níbi eré ẹṣin Derby, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún.

Ìwọ̀n ńkọ́? Daiquiri: rọ́ọ̀mù 60 ml, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 30, omi ṣúgà 20. Ẹ yé fi ojú wọ̀n ọ́n. Ṣúgà oníhóró kì í fẹ́ẹ́ yọ́ nínú ọtí tútù. Ẹ fi omi gbígbóná yọ́ ọ, kí méjèèjì dọ́gba.

Ẹ má gún ewé mint bí ẹni gún ata. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí òórùn rẹ̀ jáde. Bó bá ti ya, ó di kíkorò. Efinrin kì í sì í ṣe àrọ́pò rẹ̀.

Soda, omi onígáàsì, kò gbọ́dọ̀ wọ ṣéékà, àfi ẹni tó bá fẹ́ kó tú sókè kó sì wá nu sílìn.

Èyí tí mi ò fi ṣeré rárá ni jíìnì ojú pópó tẹ́nikẹ́ni ò mọ orírun rẹ̀. Lọ́dún 2015, ògógóró tí methanol, ọtí olóró tí kì í ṣe mímu, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ìdè ẹnu ìgò bá ti tú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ì báà jẹ́ ìdajì owó ló ní kẹ́ ẹ mú wá.