Tí ọta ìbọn bá wọ ikùn tí egbò ẹ̀ sì ti ń rùn: ohun tí dókítà máa ṣe àti ohun tó kù sọ́wọ́ ẹbí

Ìbéèrè tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi wá ní wọ́ọ̀dù ni pé "ṣé ẹ ti yọ ọta náà?" Ẹ gbọ́ o, ọ̀pọ̀ ìgbà ọta kọ́ ni wàhálà. Ọta lè jókòó sínú ẹran ara fún ọdún gbọọrọ kó má ṣe nǹkan kan, dókítà ò ní torí ẹ̀ máa tú ikùn èèyàn kiri àfi tó bá wà níbi tó ti lè ṣe jàǹbá. Ìgbẹ́ ni wàhálà. Tí ọta bá ti lu ìfun, pàápàá ìfun ńlá, ìgbẹ́ á tú sínú ikùn, ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ọsibítù á wá máa gbọ̀n fún ibà lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má gbà pé iná ìbọn ti pa kòkòrò ara ọta o, irọ́ ni, kódà ó máa ń fa àkísà aṣọ wọlé.

Torí náà ẹ má fàkókò ṣòfò. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ pe 112 tàbí 767, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí ọsibítù jẹ́nẹ́rà Ọdán ní Màríínà tó bá jẹ́ pé Ísàlẹ̀ Èkó lẹ wà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ gbàwé ọlọ́pàá wá ná, ẹ sọ fún un pé òfin Nàìjíríà ti 2017 ti wà, ọsibítù ìjọba àti ti aládàáni gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà nílẹ̀ o, kò sí o. Ọsibítù fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má fún un ní oúnjẹ àti omi rárá. Tí ìfun bá yọ síta ẹ má tì í padà, aṣọ mímọ́ tẹ́ ẹ rẹ sómi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má sì kì ìka bọ inú egbò. Wọ́n yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 1881, àwọn dókítà ìgbà yẹn ń fi ìka tí wọn ò fọ̀ wá ọta kiri, ọjọ́ 79 ló lò kó tó kú, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìdọ̀tí tí wọ́n kó wọ egbò yẹn wà lára ohun tó pa á.

Ní tíátà, wọ́n á la ikùn láàárín látòkè dé ìsàlẹ̀ ìdodo. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ni wọ́n á kọ́kọ́ dá dúró, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fọwọ́ tọ ìfun díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ihò kan tí wọ́n bá fò lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Èyí tó ṣeé rán wọ́n á rán an, èyí tó ti kú wọ́n á gé e, wọ́n á wá fi sálínì (omi iyọ̀ ọsibítù) tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ inú ikùn léraléra títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Tí ìfun ńlá bá bàjẹ́ púpọ̀ tàbí inú ti kún fún ọyún, wọ́n lè fa ẹnu ìfun yọ síta lára ikùn, kí wọ́n so báàgì mọ́ ọn fún ìgbẹ́. Ibí yìí ni ìyá aláìsàn ti máa ń sunkún jù. Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n máa ń dá padà sínú tó bá ti pé oṣù mélòó kan, ẹ ṣáà máa ra báàgì sílẹ̀.

Ohun tó tún máa ń fa ìjà ni pé wọ́n á rán inú lọ́hùn-ún, wọ́n á wá fi awọ òde sílẹ̀ láìrán. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá rán awọ mọ́ ìdọ̀tí, ó dà bí ẹni dé ìkòkò mọ́ ọbẹ̀ tó ti kan. Wọ́n á máa fi gọ́ọ̀sì tó rẹ sálínì wé e lójoojúmọ́, tó bá mọ́ ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún wọ́n lè wá rán an.

Àwọn tó ti ń lo ampiclox, oògùn apakòkòrò, láti kẹ́míìsì fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó wá ló máa ń dùn mí jù. Oògùn nìkan ò lè gbẹ ọyún inú ikùn, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, kí wọ́n sì gé ẹran tó ti kú kúrò títí wọ́n á fi kan èyí tó pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ apakòkòrò bíi ceftriaxone àti Flagyl tó ń gba inú dríìpù tó wúlò, pẹ̀lú ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá tún gbé e padà lọ tíátà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má ro pé wọ́n ṣe àṣìṣe, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀.

Tiyín ni ẹ̀jẹ̀ àti ojú. Ẹ wá fún bánkì ẹ̀jẹ̀ ní tiyín. Ẹ sì máa wò ó dáadáa, ibà tó padà wá, ikùn tó ń wú, ìtọ̀ tó dínkù, òsúkè tí ò dáwọ́ dúró (ọyún lè wà lábẹ́ àyà), omi tó ń rùn bí ìgbẹ́ láti ojú egbò, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá jẹ́ aago méjì òru.

Tí dókítà bá ti ní kó máa jẹun, ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín. Nílé, ẹ fọwọ́, ẹ fi sálínì rẹ gọ́ọ̀sì tó bá lẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ má ki gọ́ọ̀sì há inú egbò, ẹ má da sípírítì sí i. Kẹ́ ẹ sì tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ gba ìwé tó sọ ibi tí wọ́n rán nínú ìfun, bóyá wọ́n yọ spleen, ẹ̀yà ara inú ikùn lápá òsì tó ń bá kòkòrò jà (ó máa nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn), àti bóyá ọta ṣì wà nínú, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe MRI (ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara) fún un, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn.