Mú àdúgbò kan: bí àlejò ṣe lè ṣe ọdún Durga ní Kolkata

Ẹni tó bá bi mí pé báwo lòun ṣe lè wá wo ọdún Durga, abo òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà, ìdáhùn mi kì í yí padà: mú àdúgbò kan, kó o sì dúró tì í. Àwọn àgọ́ ọdún tí wọ́n ń pè ní pandal pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàkiri ìlú, láti Bagbazar lápá àríwá títí dé Behala lápá gúúsù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ márùn-ún péré ni ojú ọdún gan-an. Àlejò tó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan ló máa rí.

Bhowanipore ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti wá kàwé níbí, ilé tí mo gbà sì wà lẹ́bàá àgọ́ kan tí kò lókìkí rárá. Onílé mi, ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Mashima, ló là á yé mi pé ọmọbìnrin ilé ni Durga lójú àwọn ará Bengal, agbègbè tí Kolkata wà. Ilé ọkọ rẹ̀, Shiva, ló ń gbé lórí òkè Kailash. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Lakshmi, Saraswati, Ganesh àti Kartik, wá kí àwọn òbí rẹ̀. Lóòótọ́, ère rẹ̀ jẹ́ ti jagunjagun ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tó gun kìnnìún, tó ń fi ọ̀kọ̀ gún Mahishasura, ẹbọra tó ń para dà di ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé ni wọ́n ṣe ń gbà á: wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, wọ́n á sì sunkún nígbà tó bá ń lọ. Àdúgbò ni ẹbí tó ń gbà á lálejò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ àdúgbò.

Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọdún náà, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ máa ń yí láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá. Ní 2025, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ló parí. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ọdún tí ẹ fẹ́ lọ dáadáa kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Mahalaya ló ń ṣíwájú, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ márààrún ojú ọdún, Shashthi, Saptami, Ashtami, Navami àti Dashami tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí agbára yín bá ká a, ẹ dé ní Mahalaya. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ti máa ń ṣí kí Shashthi tó pé, ẹ ó sì lè rí wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì yín lẹ́yìn.

Àǹfààní míì tó wà nínú títètè dé ni Kumartuli, àdúgbò àwọn tó ń mọ ère. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Metro ti Shobhabazar Sutanuti, kí ẹ sì rìn lọ sí apá odò. Nínú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn, ẹ ó rí ọparun tí wọ́n fi ṣe egungun ère, koríko ìrẹsì gbígbẹ tí wọ́n fi okùn dì di apá àti itan, àti amọ̀ odò Hooghly tí wọ́n fi ń bò ó. Ojú ni wọ́n máa ń yà kẹ́yìn, Mahalaya sì ni ọjọ́ tí àṣà yàn fún un. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò, nítorí pé ibi iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ má fi káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sílé. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ẹ tó balẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè yà yín sọ́tọ̀ títí dé ọjọ́ mẹ́fà, ọdún á sì parí mọ́ yín lójú. Òfin tún ní kí ilé ìtura forúkọ àlejò ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ sí ìjọba, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Form C. Àwọn ilé ìtura kéékèèké míì kì í gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Fóònù ni gbogbo èèyàn fi ń sanwó níbẹ̀, títí kan ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tíì lẹ́bàá títì. Bí ẹ kò bá lè fi fóònù san, ẹ ṣẹ́ rúpì yín, owó ibẹ̀, sí wẹ́wẹ́ kó má baà di wàhálà.

Ní ti ibùgbé, ẹ gbà á nítòsí Metro, pàápàá ọ̀nà tó gba àárín ìlú kọjá láti àríwá sí gúúsù. Òun ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Íńdíà, 1984 ló bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ yín lásìkò ọdún, nítorí pé ó máa ń ṣiṣẹ́ wọ òru lọ́jọ́ Saptami, Ashtami àti Navami. Takisí kì í lè rìn dáadáa nígbà yẹn. Àwọn ọlọ́pàá á ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà, èrò á sì kún títì. Àwọn ọlọ́pàá Kolkata máa ń ṣe àwòrán ọ̀nà àwọn àgọ́ lọ́dọọdún. Ẹ wá a, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù.

Fún ìrìn alẹ́, ẹ mú apá kan ìlú lóru kan. Lápá àríwá, Bagbazar ni mo fẹ́ràn jù: ère àtijọ́, ojú gbọọrọ, ìyá àtàwọn ọmọ lábẹ́ ọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo. Lápá gúúsù ni ti àwọn àgọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi ń díje. Ọdún kan ilé ìkówèésí ni, ọdún míì abúlé odindi. Ní College Square, iná àgọ́ máa ń hàn nínú adágún omi. Agogo márùn-ún òwúrọ̀ ló dára jù láti wo àwọn àgọ́ olókìkí, nígbà tí àwọn tó fi gbogbo òru rìn ti ń lọ sùn. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó tò fún wákàtí bíi méjì láàárín ọgbà ọparun kí ẹ tó rí ère fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sínú bébà sí àpò ọmọdé, kí ẹ sì gbé báàgì yín síwájú nítorí àwọn jágùdà. Òjò ṣì lè rọ̀, nítorí náà ẹ mú agboòrùn dání.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àdúgbò yín. Lówùúrọ̀ kùtù Saptami, ẹ bá wọn lọ sódò. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé lọ, pẹ̀lú ewéko mẹ́jọ míì tí wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi sárì funfun etí pupa wé e bí ìyàwó tó bo orí, wọ́n á sì gbé e padà wá sí ẹ̀gbẹ́ Ganesh. Àwọn onílù ni yóò ṣíwájú. Dhak ni ìlù wọn, ó tóbi ju bẹ̀mbẹ́ lọ, wọ́n fi ìyẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́. Abúlé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá; ẹ lè rí wọn níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Sealdah ṣáájú ọdún, tí wọ́n ń lù láti fi wá ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́.

Àárọ̀ Ashtami ni ti ìfòdòdó-júbà. Wọn kì í jẹun kí wọ́n tó ṣe é. Àlùfáà á pe ọ̀rọ̀, èrò á sì pè é tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta, òdòdó lọ́wọ́. Níbi tí Ashtami bá ti fẹ́ bọ́ sínú Navami ni Sandhi Puja, ìṣẹ́jú 48 péré, wákàtí rẹ̀ sì yàtọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àgọ́ àdúgbò yín. Fìtílà amọ̀ 108 ni wọ́n máa ń tàn, òdòdó lotus 108 náà sì wà nílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Mashima fà mí lọ́wọ́ pé kí n bá wọn tan tiwọn. Òwú fìtílà méjì lára tèmi kò gba iná, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fi ìka tẹ̀ ẹ́ sínú òróró, ó sì dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò gbà kí ẹ júbà ère, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti bọ́ ọ, ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ wò. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín. Àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ìlú náà pàápàá máa ń jáde wo àgọ́. Ẹ máa pe ọkùnrin tó bá jù yín lọ ní Dada, obìnrin ní Didi. Àwọn bàbá á bi yín bóyá ẹ mọ Chima Okorie, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún East Bengal àti Mohun Bagan. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìtàn náà.

Oúnjẹ: khichuri, ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pọ̀, ni wọ́n ń pín ní ọ̀sán lágọ̀ọ́ àdúgbò. Ẹ lè nílò ìwé ìgbàwọlé, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ ní kùtùkùtù. Ẹran kì í ṣèèwọ̀ fún wọn lásìkò yìí. Ọ̀sán Navami, ẹran ewúrẹ́ ni lọ́pọ̀ ilé. Phuchka, ìpanu tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, dùn, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń bù sínú rẹ̀ kò bá gbogbo ikùn mu.

Lọ́jọ́ Dashami, àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ á fi ewé paan nu ojú Durga, wọ́n á fi dídùn kàn án lẹ́nu, wọ́n á wá máa fi àtíkè pupa kun ara wọn. Àwọ̀ yẹn kì í tètè fọ̀ kúrò lára aṣọ. Ẹ tẹ̀ lé ọkọ̀ ère dé Babughat, etí odò tí wọ́n ti ń ri ère sínú omi, ẹ dúró jìnnà sí etí omi, kí ẹ sì gba ọ̀nà tí àwọn ọlọ́pàá bá fi hàn yín. Láti ìgbà yẹn, kíkí ara ẹni nílé ló kù: ẹ ra sandesh, dídùn tí wọ́n fi wàrà ṣe, dání, ẹ tẹ̀ba kan ẹsẹ̀ àwọn àgbà, ẹ má sì kọ dídùn tí wọ́n bá gbé fún yín. Bí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀ di òṣùpá kíkún, ọjọ́ Lakshmi ni. Wọ́n á ti fi omi ìrẹsì lílọ̀ ya ipa ẹsẹ̀ Lakshmi sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọnú ilé, nítorí náà ẹ wolẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.